Bí yíyẹ èèyàn wò ṣe bẹ̀rẹ̀ ní McDonald's kí wọ́n tó fún un ní ṣọ́ọ̀bù

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Ray Kroc ló dá McDonald's, iléeṣẹ́ tó ń ta bọ́gà, sílẹ̀, àmọ́ òun kọ́ o. Dick àti Mac McDonald, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ló ni ín ní San Bernardino, California, àwọn ló sì gbé ètò sáré-dín-sáré-tà yẹn kalẹ̀ lọ́dún 1948. Wọ́n ti ń ta franchise, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ àti ètò wọn ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí Kroc tó dé, àmọ́ ẹni tó bá ṣáà ti lówó lọ́wọ́ ti rí i gbà nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń lọ wo ohun tó ń fi orúkọ wọn ṣe. Kroc ní tiẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po milkshake ló ń tà kiri Amẹ́ríkà, ó sì ti rí i báwọn oníáíìsìkirimù ṣe ń gé odindi agbègbè tà fún olówó kan, tólówó yẹn á tún gé e tà fáwọn mí-ìn, débi pé tó bá yá, ẹni tó lorúkọ ò ní mọ ẹni tó ń ta ọjà ẹ̀ fún kọ́sítọ́mà mọ́.

Nígbà tó wá gbàṣẹ lọ́wọ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò yẹn láti máa bá wọn ta franchise, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù McDonald's tiẹ̀ ní Des Plaines lẹ́bàá Chicago, lóṣù April 1955, ó ní òun ò ní ta agbègbè fẹ́nì kankan, ṣọ́ọ̀bù kan, ẹnì kan ni, $950 lowó ìwọlé, wọ́n á sì máa san 1.9% gbogbo ọjà tí wọ́n bá tà. Ìyẹn dáa gan-an, àmọ́ kò tíì máa yẹ èèyàn wò. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbá gọ́ọ̀fù ní kílọ́ọ̀bù Rolling Green wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á, àwọn tó rí jájẹ, tí wọ́n ní bísínẹ́ẹ̀sì mí-ìn tẹ́lẹ̀. Ojú Kroc rí nǹkan lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í sí ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan fowó lé bọ́gà tó yẹ kó jẹ́ séǹtì 15, àwọn kan fi oúnjẹ tí ò sí nínú mẹ́nù kún un, tó bá sì bá wọn wí wọn ò gbọ́, ṣebí ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Àárín ìgbà yẹn náà ni Betty Agate wọ ọ́fíìsì Kroc, Bíbélì ló ń kiri tà láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ọkọ ẹ̀ Sanford sì ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, òun àtọkọ ẹ̀ wá kó gbogbo owó tí wọ́n ti ń tọ́jú pa mọ́, nǹkan bíi $25,000, wọ́n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Waukegan lóṣù May 1955, àwọn fúnra wọn ló ń dúró níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọjà yẹn tà! Àwọn mí-ìn tó rí i, àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwọn, náà ń kó owó ìfipamọ́ wọn bọ̀. Níbi tọ́rọ̀ ti yí padà nìyí. Kroc rí i pé ẹni tó bá fi gbogbo ohun tó ní sí i ò ní fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mánéjà kó lọ gbá gọ́ọ̀fù.

Ìyẹn ni Kroc àtàwọn èèyàn ẹ̀ fi di ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù pé: ṣé wàá fi iṣẹ́ tó ò ń ṣe sílẹ̀? Ṣé ìwọ gan-an lo máa dúró síbẹ̀? Fred Turner ló wá sọ ọ́ di ìlànà, òun náà franchise ló bá wá lọ́dún 1956 kó tó di òṣìṣẹ́ Kroc. Wọ́n ń lọ wo ṣọ́ọ̀bù kiri, wọ́n ń fún un ní máàkì lórí oúnjẹ, ìtọ́jú kọ́sítọ́mà àti ìmọ́tótó, ẹni tí máàkì ẹ̀ ò bá dáa ò ní rí ṣọ́ọ̀bù kejì gbà. Lọ́dún 1961 wọ́n ṣí Hamburger University, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń darí ṣọ́ọ̀bù wọn, sí àjà ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ní Elk Grove Village.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, gbogbo yíyẹ̀wò yẹn, aláwọ̀ dúdú kankan ò yege níbẹ̀ títí wọ́n fi pa Martin Luther King. December 1968 ni Herman Petty tó gba ṣọ́ọ̀bù ní Chicago, òun sì ni àkọ́kọ́. Ó dùn mí láti kọ ọ́, torí pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kára bíi tọkọtaya Agate pọ̀ láàárín wọn nígbà yẹn.

Lónìí, wọ́n ní kó o ní ó kéré tán $500,000 tí kì í ṣe owó yíyá, wàá sì gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́sàn-án sí méjìdínlógún. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ yẹn mo fara mọ́ ọn. Owó yẹn ni mi ò fara mọ́, torí bá a bá tiẹ̀ ṣírò bí dọ́là ṣe ti bọ́ níyì tó látọdún 1955, owó àwọn Agate ò tó o, wọn ò ní kọjá ẹnu ọ̀nà.

Chick-fil-A, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà mí-ìn tó ń ta búrẹ́dì aládìẹ, gba ọ̀nà mí-ìn. Látìgbà tí Truett Cathy tó dá a sílẹ̀ ti ṣí àkọ́kọ́ ní Atlanta lọ́dún 1967, kì í ṣe àpò ni wọ́n ń wò. $10,000 péré lowó ìwọlé báyìí, iléeṣẹ́ ló ń rálẹ̀ tó ń kọ́lé, àmọ́ intafíù wọn le, kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún tó ń gbà á, o ò sì gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ mí-ìn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò owó tí wọn ò gbà ni pé ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ṣe tìẹ láéláé, o ò lè tà á, ọmọ ẹ ò lè jogún ẹ̀.