Firmware Tuntun Kọ́ Ni Yóò Jí Díráìfù Tí Kò Dáhùn

Bí díráìfù inú Ultimate 64, bọ́ọ̀dù òde òní tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà Commodore 64 àtijọ́, bá ti kọ̀ tí kò ka díìsìkì, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tákíè títí dé Under G, ni pé kí ẹ lọ wá firmware tuntun, ètò inú ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀, sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí ni nínú. Ẹ̀rọ tí kò ní àrùn ni wọ́n ń fún lóògùn, oògùn náà sì lè pa á bí iná bá lọ láàárín méjì. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa lápálápá.

Bọ́ọ̀dù tí Gideon Zweijtzer, ará Netherlands, ṣe láti rọ́pò bọ́ọ̀dù inú Commodore 64 ti ọdún 1982 ni Ultimate 64. Firmware rẹ̀ ló ń darí mẹ́nù, ojú USB, àti bí bọ́ọ̀dù náà ṣe ń ṣe bíi Commodore gan-an. Bí mẹ́nù bá ń ṣí, tí fíláàṣì yín sì ń hàn nínú rẹ̀, firmware ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé díráìfù 1541, èyí tí díráìfù inú Ultimate 64 ń ṣe bíi rẹ̀, kì í ṣe àpótí lásán tí kọ̀ǹpútà ń ki ọwọ́ bọ̀. Kọ̀ǹpútà ni òun náà. Èyí tí Commodore tà láyé ìgbà yẹn ní ọpọlọ 6502 tirẹ̀, RAM 2 KB tó fi ń rántí nǹkan fún ìgbà díẹ̀, àti ROM 16 KB tí ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Commodore 64 kò mọ ibi tí fáìlì wà lórí díìsìkì rárá. Iṣẹ́ ló ń rán gba ojú okùn. Díráìfù ló ń lọ sí track 18, ìlà kejìdínlógún lórí díìsìkì, tó ń ka orúkọ fáìlì níbẹ̀, tó ń ṣà á jọ, tó sì ń dá a padà. Nítorí náà, odindi kọ̀ǹpútà kejì ló wà nínú Ultimate 64 yín, ROM tirẹ̀ ló sì ń lò. Ẹ má retí ROM yẹn nínú firmware, nítorí ohun tó ní olóhun ni. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ni yóò wá a, tí yóò kó o wọlé, tí yóò sì yàn án ní Drive A Settings, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò díráìfù inú bọ́ọ̀dù náà (Drive A) nínú mẹ́nù. Bí kò bá sí níbẹ̀, bí ẹ fi firmware mẹ́wàá sí i, díráìfù náà kò ní gbọ́rọ̀, nítorí kò ní ohun tí yóò fi ronú. Ẹ wo ìwọ̀n fáìlì náà: ti 1541 jẹ́ 16,384 báìtì géérégé. Bí ẹ bá rí 32,768, ti 1571 tàbí 1581, àwọn díráìfù Commodore mìíràn, lẹ gbé wá.

Lẹ́yìn ROM, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń pe díráìfù (Bus ID) ló kàn. Ẹ tẹ LOAD"$",8 kí ẹ sì ka ohun tí ojú ẹ̀rọ bá sọ. Bí ó bá ní ?DEVICE NOT PRESENT ERROR, kò sẹ́ni tó dáhùn sí nọ́ńbà 8: bóyá Drive A wà ní pípa, bóyá Bus ID rẹ̀ jẹ́ 9, bóyá ROM ni kò sí. Bí ó bá ní ?FILE NOT FOUND ERROR, díráìfù ti dáhùn. Díìsìkì ni ẹ kò tíì fi sí i, tàbí orúkọ fáìlì lẹ ṣì tẹ̀. Èsì méjèèjì yàtọ̀ síra pátápátá, síbẹ̀ firmware kan náà ni àwọn ènìyàn ń sáré lọ wá sí méjèèjì.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ so 1541 gidi, tòkunbọ̀, mọ́ ẹ̀rọ yìí nígbà tí Drive A ṣì wà ní títàn. Nọ́ńbà 8 làwọn méjèèjì ń jẹ́. Bí wọ́n bá pe Táíwò nínú agboolé tí Táíwò méjì wà, àwọn méjèèjì ni yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó pè kò sì ní gbọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ á dúró gbagidi. Ẹ sọ Drive A di 9, tàbí kí ẹ pa á. Ó rọrùn ju kí ẹ máa tú 1541 láti gé ojú okùn inú rẹ̀ kí nọ́ńbà rẹ̀ lè yí padà. Nínú àwọn 1541, 1541-II nìkan ló ní swíìṣì fún un lẹ́yìn. Bí ó bá sì jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni díráìfù náà ti wá, iná 120 volt ló ń jẹ. Ẹ má kì í bọ 230 volt tiwa láìsí transformer tó ń dín iná kù.

Ọ̀rọ̀ fáìlì díìsìkì kò gùn: D64, fáìlì tó jẹ́ ẹ̀dà díìsìkì 1541, jẹ́ 174,848 báìtì; D81, ti 1581, sì jẹ́ 819,200. Díráìfù tí ẹ ṣètò sí 1541 kò lè ka D81. Ẹ yí irú rẹ̀ sí 1581, kí ẹ fún un ní ROM tirẹ̀.

Ibí yìí nìkan ni mo ti lè gbà fún wọn díẹ̀. Firmware àtijọ́ kò mọ 1571 àti 1581 rárá, nítorí náà bí ẹ kò bá rí wọn láti yàn nínú mẹ́nù, ó ṣeé ṣe kí firmware tuntun jẹ́ ìdáhùn lóòótọ́. Ó sì lè tún àṣìṣe mìíràn ṣe. Àmọ́ kì í ṣe òun lẹ máa kọ́kọ́ gbìyànjú.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é náà, ẹ kọ nọ́ńbà díráìfù, irú rẹ̀ àti orúkọ ROM sínú ìwé ná. Fíláàṣì FAT32 ni kí ẹ lò. Fáìlì tó parí sí .u64 ni ti bọ́ọ̀dù yìí; .u2p jẹ́ ti káátíríìjì Ultimate-II+, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ UPS, ẹ má gbára lé iná ìgboro tàbí jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ti ń tán, nítorí bọ́ọ̀dù tí iná bá kú mọ́ lójú iṣẹ́ yìí lè má tàn mọ́ títí ẹ ó fi rí ẹni tó ní okùn JTAG, èyí tí wọ́n fi ń kọ firmware sínú bọ́ọ̀dù tààrà, tó sì mọ̀ ọ́n lò. Ẹ yan fáìlì náà nínú mẹ́nù, ẹ tẹ Run Update, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí yóò fi sọ pé ó parí. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì padà sí Drive A lọ wò ó bóyá nọ́ńbà àti ROM ṣì bá ohun tó wà nínú ìwé yín mu.