Ogun Tó Ń Padà Wá Lójú Oorun

Aago mẹ́ta òru. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òógùn ti mu aṣọ rẹ̀ gbingbin, ó ń pariwo pé kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti kú tipẹ́ dojú bolẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé l'Abẹ́òkúta, ogun òru ni wọ́n máa pè é, wọ́n á sì mú un lọ sórí òkè àdúrà. Àdúrà ò burú. Ṣùgbọ́n ogun tó ń bá a jà lóru yìí, ó ti jà á rí lójú ayé.

Bí a bá sùn, ọpọlọ kì í sinmi tán. Ìpele kan wà tí ẹyinjú máa ń yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ibẹ̀ ni àlá ti ń pọ̀ jù, ìpele náà sì máa ń gùn sí i bí ilẹ̀ bá ń mọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé níbẹ̀ ni ọpọlọ ti ń po ohun tójú rí mọ́ ìrántí àtijọ́, títí oró rẹ̀ á fi rọ̀. Ti ẹni tí ogun ti dẹ́rù bà kì í rí bẹ́ẹ̀. Noradrenaline, èròjà tó ń ta ara jí sí ewu, ni wọ́n gbà pé kì í lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ̀rù á jí i kí iṣẹ́ náà tó parí. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún di ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n ti ń tún àlá ṣe. Pẹ̀lú olùtọ́jú tó mọṣẹ́, aláìsàn á kọ àlá náà sílẹ̀, á yí i padà bó ṣe wù ú, á wá máa fi ojú inú wo tuntun yẹn fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 20 lójoojúmọ́. Ọkọ̀ tó máa ń gbiná lójú àlá lè gúnlẹ̀ sí ìdí Olúmọ, kí gbogbo èrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní gbàgbé ogun o. Ọ̀nà tí àlá mọ̀ ọ́n rìn ló ń yí padà. Àlá tí kò le jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Prazosin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń dènà iṣẹ́ noradrenaline. Ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe fún sójà 304 ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2018, kò rí i pé ó ju hóró tí kò ní oògùn nínú lọ. Ó sì lè fa òòyì béèyàn bá dìde, nítorí náà dókítà ni kó fún un. Ọgógóró ńkọ́? Ó ń kunni lóorun, lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá kúrò lára, àlá á tún ya wọlé.

Ní Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, Dókítà Lambo, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ lábúlé ìtòsí ní 1954, kó sì máa gba ìtọ́jú. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ wúlò gan-an fún àlá yìí. Kí ìyàwó má ṣe gbá a mú, ó lè ṣèèṣì lù ú. Kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó tan iná, kó máa pè é jẹ́jẹ́: “Bàbá Ṣadé, ilé lẹ wà o. Abẹ́òkúta nìyí. Èmi ni.”