Ta ló jó jù lórí yìnyín?

Àwọn ọmọ ilé wa ní Àkúrẹ́ kì í wo nǹkan míì lórí fóònù mọ́ ju eré orí yìnyín lọ: ọkùnrin kan, obìnrin kan, bàtà tó ní abẹ irin lábẹ́. Ìbéèrè wọn pọ̀, mo sì kọ ìdáhùn díẹ̀ sílẹ̀ níbí.

Ìbéèrè: Ẹni tó fò jù tí kò sì ṣubú, ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kó gbégbá orókè?

Ìdáhùn: Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni máàkì ń gbà wọlé. Ọ̀kan ni ti iṣẹ́ agbára: fífò, yíyí bí òkòtó, kí ọkùnrin gbé obìnrin sókè orí, kó jù ú kó lọ balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan. Èkejì ni ti ọnà. Láti ọdún 2022, ohun mẹ́ta ni àwọn adájọ́ ń wò níbẹ̀: bí àwọn eléré náà ṣe to eré wọn, bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, àti bí ẹsẹ̀ wọn ṣe mọ yìnyín tó. 10 ni máàkì tó ga jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ọnà kẹ̀? Ṣé kì í ṣe aṣọ dídán àti ẹ̀rín ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ rántí àwọn ọmọge Obitun ní Oǹdó. Ìlẹ̀kẹ̀ wọn lè gba ojú àlejò, àmọ́ àgbà tó mọ ijó, ẹsẹ̀ ló ń wò: ṣé ó gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ, àbí ó kàn ń sáré tẹ̀ lé e?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí yìnyín, àfi pé ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo orúnkún wọn, bóyá ìgbà kan náà ló ń tẹ̀. Ẹ dẹtí sí abẹ irin: ti ọ̀jáfáfá kì í ha yìnyín bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Á dẹ̀gbẹ́, á wọ yìnyín jẹ́ẹ́jẹ́, ìyára rẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i láìsí pé ó ń tiraka.

Ibi tí mo máa ń tẹjú mọ́ jù ni àárín iṣẹ́ kan sí èkejì. Àwọn tí kò tíì dáńgájíá á fi ara wọn sílẹ̀, wọ́n á sáré lọ, wọ́n á múra de fífò. Lọ́wọ́ àwọn tó mọṣẹ́, inú ijó ni fífò náà ti ń yọ. Kí ẹ tó mọ̀, ó ti balẹ̀.

Ìbéèrè: Ta lẹ rí tó ṣe é bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Aljona Savchenko àti Bruno Massot tí wọ́n ṣojú Jámánì ní Olympics 2018. Massot yí ẹ̀ẹ̀mejì lófuurufú níbi tó ti yẹ kó yí ẹ̀ẹ̀mẹta, ni wọ́n bá já sí ipò kẹrin lẹ́yìn eré kúkúrú (eré méjì ni wọ́n ń ṣe, kúkúrú àti gígùn, wọ́n á sì ro máàkì méjèèjì pọ̀). Lọ́jọ́ kejì wọ́n gba 159.31 nínú eré gígùn, tí ẹnikẹ́ni ò gbà rí títí di ọjọ́ náà. Máàkì 0.43 péré ni wọ́n fi borí Sui Wenjing àti Han Cong ti Ṣáínà. Olympics karùn-ún Savchenko nìyẹn. (Robin Szolkowy, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Tanzania, ló ń bá a ṣeré tẹ́lẹ̀; ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n jọ gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé.)

Ìbéèrè: Àwọn adájọ́ ò lè ṣojúsàájú ni?

Ìdáhùn: Ó ti bà wá nínú jẹ́ rí. Ní Salt Lake City lọ́dún 2002, Berezhnaya àti Sikharulidze ti Rọ́ṣíà gba wúrà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà yẹ̀ níbi fífò kan. Ariwo ta pé wọ́n ti fúngun mọ́ adájọ́ kan. Nígbà tó yá, wọ́n fún Salé àti Pelletier ti Kánádà náà ní wúrà, wọ́n sì pa ètò máàkì àtijọ́ tì, èyí tí 6.0 jẹ́ máàkì tó ga jù nínú rẹ̀. Ní báyìí, adájọ́ mẹ́sàn-án ló ń jókòó nínú ìdíje ńlá, wọ́n á yọ máàkì tó ga jù àti èyí tó kéré jù dànù.

Ìbéèrè: Bí ẹnì kan bá ṣubú ńkọ́?

Ìdáhùn: Máàkì 1 lọ nìyẹn, bí àwọn méjèèjì bá jọ ṣubú, 2. Àmọ́ ẹ má wo ẹni tó wà nílẹ̀ nìkan. Ẹ wo ẹnì kejì, bóyá orin ṣì wà lára rẹ̀ bó ṣe ń nawọ́ sí i.