Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú bàálù: ohun tí nọ́ńbà àti lẹ́tà ń sọ

Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àga tó fara ti ògiri bàálù. Àmọ́ àga lè fara ti ògiri kó má ní fèrèsé, fèrèsé sì lè wà kí ẹ má rí ilẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì, bíi 7A tàbí 24F, ló ń sọ ìyókù. Nọ́ńbà ń sọ ohun tó máa dí yín lójú, lẹ́tà ń sọ ìhà tí ẹ máa kọjú sí.

Nínú Boeing 737 àti Airbus A320, àárín ni apá bàálù wà, orí apá yẹn sì ni ilẹ̀kùn pàjáwìrì àárín ṣí sí. Ẹ wá ilẹ̀kùn náà lórí àwòrán ìjókòó kí ẹ tó yan àga. Ẹni tó bá jókòó sí bíi ìlà mẹ́rin níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, irin gbọọrọ ló máa wò dé ibi tó ń lọ. Iwájú apá ló dáa jù. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ooru tó ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí ilẹ̀ máa mì lójú, bíi títì ọlọ́dà lọ́sàn-án gangan, fọ́tò ibẹ̀ kì í sì í mọ́. ATR 72 yàtọ̀ ní tirẹ̀: òkè fèrèsé ni apá rẹ̀ wà, kò bo ilẹ̀.

Ti ògiri tí kò ní fèrèsé ńkọ́? Nínú 737-800, páìpù ẹ̀rọ amúlétutù gba inú ògiri òsì gòkè, níwájú apá. Kò sí fèrèsé níbi tó gbà, wọ́n sì ń ta àga ibẹ̀ bíi ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Nọ́ńbà rẹ̀ ń yí padà láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ fura sí 9A títí dé 12A. Yàtọ̀ sí èyí, nǹkan bí ìdajì mítà ni fèrèsé kan sí èkejì, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló sì ń pinnu àyè àárín àga, tó sábà máa ń ju 70 sẹ̀ǹtímítà lọ. Wọn kì í bára mu, ìdí nìyẹn tí fèrèsé ẹlòmíràn fi bọ́ sẹ́yìn èjìká rẹ̀.

Lẹ́tà rọrùn. Tí ẹ bá kọjú síbi tí awakọ̀ wà, A ni ọwọ́ òsì. F ni ọwọ́ ọ̀tún nínú bàálù oníjókòó mẹ́ta-mẹ́ta, K sì ni nínú ọ̀pọ̀ bàálù ńlá. Oòrùn ló ṣòro. Ẹni tó bá kọjú sí oòrùn, ìtànṣán àti ìdọ̀tí ara fèrèsé nìkan ló máa rí. Ẹni tó bá kẹ́yìn sí i ni ilẹ̀ ń hàn sí kedere.

Láti Èkó sí Àbújá, àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ni bàálù ń dorí kọ, nítorí náà oòrùn àárọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ti ìrọ̀lẹ́ wà lọ́wọ́ òsì. Ọ̀tún kan náà ni Lọ́kọ́ja wà, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, àmọ́ ó jìnnà díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá a, kó wọ bàálù ọ̀sán, kó jókòó sí F. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má wulẹ̀ dààmú: ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yín gangan lè hàn, èyí tó jìnnà á pòórá sínú eruku.

Èkó sí Heathrow, pápákọ̀ òfuurufú Lọ́ńdọ̀nù, K ni mo fara mọ́. Àríwá ni ẹ ń lọ, oòrùn ọ̀sán á wà lápá òsì, aṣálẹ̀ Sàhárà á sì tẹ́ rẹrẹ lápá ọ̀tún. Afẹ́fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń fẹ́ wá láti ìwọ̀-oòrùn, bàálù sì ń kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀. Ìyẹn ló ń mú un gba orí Lọ́ńdọ̀nù wọlé, odò Thames àti afárá Tower Bridge á wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Tí afẹ́fẹ́ bá yí padà, ẹ̀gbẹ́ ìlú Windsor lẹ máa gbà, ààfin ọba tó wà níbẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ òsì. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń ṣí check-in orí íntánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí 24 ṣáájú ìrìn-àjò. Ẹ kọ́kọ́ wo àsọtẹ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ Lọ́ńdọ̀nù kí ẹ tó tẹ ìjókòó.

Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ gbé fóònù sún mọ́ fèrèsé láìfi kàn án, kí gbígbọ̀n bàálù má bàa bà á jẹ́. Ẹ yẹra fún ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé, ibẹ̀ ni yìnyín máa ń kóra jọ sí.