Athena àti Áténì: Ta Ló Sọ Ta Lórúkọ?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ orúkọ Athena, òrìṣà ọgbọ́n àti ogun àwọn ará Gíríìkì? Ṣé òótọ́ ni pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú Áténì?

Ìdáhùn: Ohun tí àwọn ará Áténì fúnra wọn gbà nìyẹn. Wọ́n ní òun àti Poseidon, òrìṣà òkun, jọ du ìlú náà. Poseidon fi ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta gún àpáta, omi oníyọ̀ tú jáde. Athena gbin igi ólífì. Igi ólífì ló borí, Athena sì gba ìlú. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà lónìí pé ìlú ló kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ, òrìṣà ló wá gba orúkọ ìlú.

Ìbéèrè: Kí ni ẹ̀rí wọn?

Ìdáhùn: Ẹ wo bí Athene, bí wọ́n ṣe tún ń pe Athena ní èdè Gíríìkì, ṣe parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mykene, Messene àti Pallene ṣe parí, orúkọ ibùgbé sì ni gbogbo wọn. Ní Áténì gan-an, Athenaia ni wọ́n ń fín sára òkúta láyé àtijọ́, ìyẹn “obìnrin ti Áténì”. Nígbà tó yá ni wọ́n gé e kúrú.

Èyí tó wú mi lórí jù ni wàláà amọ̀ kan láti Knossos, ní erékùṣù Kírétè, tó ti lé ní 3,300 ọdún. Láti 1900 ni Arthur Evans, awalẹ̀pìtàn, ti ń hú irú wàláà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè kà wọ́n títí di 1952, nígbà tí Michael Ventris, ayàwòrán ilé, tú àṣírí ìkọ̀wé náà. Ohun tó wà lára eléyìí ni *a-ta-na-po-ti-ni-ja*. Potnia ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin aláṣẹ. Ìkọ̀wé yẹn kì í kọ *s* ìparí ọ̀rọ̀, èyí tí èdè Gíríìkì lè fi sọ pé “ti”, nítorí náà a lè kà á sí “Athana, Ìyá Aláṣẹ”, a sì lè kà á sí “Ìyá Aláṣẹ ti Athana”, ibì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ẹlẹ́ẹ̀kejì ló bá ẹ̀rí yòókù mu.

Ìbéèrè: Athana fúnra rẹ̀ wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò ní ìtumọ̀ nínú èdè Gíríìkì. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ń gbé ilẹ̀ náà kí èdè Gíríìkì tó débẹ̀ ló ti wá, èdè tiwọn sì ti kú. Nínú ìwé *Cratylus*, Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìkì, fi sí Socrates, olùkọ́ rẹ̀, lẹ́nu pé “òye Ọlọ́run” ni. Ó bá ìwà òrìṣà náà mu gan-an, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè kò gbà á, torí pé orúkọ náà ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u báyìí.

Ìbéèrè: Parthenos àti Pallas tí wọ́n tún ń pè é?

Ìdáhùn: Oríkì ni. Parthenos ni wúńdíá, nítorí kò lọ́kọ. Ibẹ̀ ni Parthenon, ilé òrìṣà tí wọ́n kọ́ láàárín 447 sí 432 ṣáájú ìbí Jésù, ti gba orúkọ. Ní ti Pallas, àwọn kan ní “ọmọbìnrin” ni, àwọn mìíràn ní ẹni tó ń ju ọ̀kọ̀ fìrìfìrì lọ́wọ́ ni.