Àárín Títì Ni Kí Ẹ Ti Wọ̀n Ọ́n

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ènìyàn mẹ́ta ló fi fọ́tò ògiri ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ògiri wọn yàtọ̀ síra, àmì tó wà lára wọn ò yàtọ̀: ọ̀dà pupa, X gbàgìdì, déètì lábẹ́ rẹ̀, èyí tí ìjọba fi ń sọ pé àwọn fẹ́ wó o. Ẹni àkọ́kọ́ ń béèrè bóyá òun lè fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ẹni kejì ti kùn ún kó tó béèrè. Ẹni kẹta, tíṣà sì ni o, ní pásítọ̀ òun ti ta òróró sí i, kí n kàn bá òun wo ohun tó kù láti ṣe.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń díyelé ilé àti ilẹ̀ ní Èkó. Kí n kọ́kọ́ sọ irú sọ̀féyọ̀ tí mo jẹ́, nítorí àṣìpè yìí ń dùn mí. Èmi kọ́ ni mo máa ń gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kiri láti rì bíkìnì, òpó kékeré tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn. Iṣẹ́ àwọn yẹn nìyẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Tèmi ni láti sọ iye tí dúkìá tó, kí n fọwọ́ sí i, kí n sì lè dúró níwájú adájọ́ ṣàlàyé bí mo ṣe dé orí iye náà. Láti 1975 ni òfin ti wà pé ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní sọ̀féyọ̀ tó ń díyelé dúkìá. Síbẹ̀, ọmọkùnrin tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní Ìyànà Ìpájà, tó ní fóònù méjì àti pátákó kan, òun lẹ máa gbé owó ilé ìyá yín fún. Tí èmi bá wá béèrè owó iṣẹ́, ẹ ó ní ṣé wíwò lásán ni mo fẹ́ gba gbogbo ìyẹn fún.

Ohun tó ń jẹ́ C of O àti survey, gbogbo yín mọ̀ ọ́n, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n.

Bí mo bá bi ènìyàn mẹ́wàá pé níbo ni títì parí sí níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, mẹ́sàn-án á na ìka sí gọ́tà. Gọ́tà kọ́. Omi ló ń gba gọ́tà. Ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà ti kọjá gọ́tà, ó ti kọjá ibi tí ẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, nígbà mìíràn ó ti gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín wọlé, ó ti gba ẹ̀yìn jáde. Ọ̀nà Abẹ́òkúta tó gba bọ́sítọ́ọ̀pù Cement, Ìyànà Ìpájà àti Abúlé Ẹ̀gbá kọjá, ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Ohun tí wọ́n ń lò fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 45 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti àárín títì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Láti àárín títì. Kì í ṣe láti etí rẹ̀, kì í ṣe láti ibi tí ọ̀dà títì parí sí, kì í ṣe láti ògiri aládùúgbò yín tó ní òun ti wà níbẹ̀ láti ayé Gowon. Fún àgbàlagbà tó ń rìn jẹ́jẹ́, ìṣísẹ̀ bíi 60 ni. Ẹ lọ kà á lówùúrọ̀ ọjọ́ Sunday kí ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ yín máa já sí. (Ẹ má lọ lọ́jọ́ Monday. N kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wà lọ́rùn mi.) Ọ̀nà ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ kéré sí èyí, tiwọn sì yàtọ̀ láti ọ̀nà dé ọ̀nà. Ọ́fíìsì ètò ìlú tó wà ládùúgbò yín ló máa sọ iye rẹ̀ fún yín. Owó ọkọ̀ lásán ló máa ná yín.

Ìjọba kì í sábà gba gbogbo mítà 45 náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bá dé ni wọ́n ń wó. Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ nìyẹn. Wọ́n á ní, "Wọ́n wó ti iwájú, wọn ò fọwọ́ kan tèmi, tèmi nìyẹn." Wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ ni. Ẹ wo ohun tó ti gba àgbègbè yẹn kọjá. Wọ́n ṣí bíríìjì Abúlé Ẹ̀gbá ní 2017. Ní 2020, ọ̀nà BRT láti Òṣòdì dé Abúlé Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó lé ní kìlómítà 13, àárín títì sì ni bọ́ọ̀sì ń gbà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí bíríìjì Pen Cinema ní Agége. Nígbà tó di 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó dé Ọ̀yìngbò, ó ń dúró ní Ìjù, ó ń dúró ní Agége. Ohun mẹ́rin láàárín ọdún méje, kò sì sí èyí tí kò ní ọ̀dà pupa tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá fi ọ̀dà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó má kùn ún. Ìwé tí ọ̀dà náà bá rìn wá ni kí ẹ béèrè: ọ́fíìsì wo ló kọ ọ́, ta ló fọwọ́ sí i, iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ ṣe. Bí ọ̀dà bá dá wá láìsí ìwé, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì náà fúnra yín, torí àwọn kan ti ń fi agolo ọ̀dà jẹun. Àárọ̀ ni wọ́n á kùn ún, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á padà wá gba owó pé àwọn máa bá yín pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ ya fọ́tò, inú àti ìta, òrùlé, ilẹ̀kùn onírin, kànga. Kí ẹ wá rìsíìtì sìmẹ́ǹtì àti irin jáde. Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ ọ́ nù.

Ìdí tí mo fi ń béèrè rìsíìtì ni pé owó gbà-máà-bínú, èyí tí ìjọba ń san fún ẹni tí wọ́n gba dúkìá rẹ̀, kì í ṣe ojú àánú. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1978 ló wà fún un, abala 29. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí ẹ bá san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni wọ́n máa dá padà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ yín ò san án rí. Fún ilé, iye tí a máa fi kọ́ irú rẹ̀ lóde òní, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ohun tí ogbó ti jẹ nínú rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn náà ní tirẹ̀. Ó tán. Ẹ fi àtùpà wá ibi tí wọ́n ti kọ "oníbàárà" síbẹ̀, ẹ ò ní rí i. Ogún ọdún tí ẹ ti ń ta búrẹ́dì ní oríta kan náà, tó fi di pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ni kọ̀ńdọ́ ń pe bọ́sítọ́ọ̀pù, òdo ni lójú òfin. Bí iye tí wọ́n kọ fún yín bá sì kéré lójú yín, ìgbìmọ̀ tí gómìnà yàn lẹ máa gbé e lọ. Abala 47 ti ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ àríyànjiyàn lórí bóyá owó náà tó.

Ayálégbé tí kò kọ́ nǹkan kan kò ní ilé tí wọ́n fẹ́ wó, onílé ni wọ́n máa pè. Ohun tó lè gbà á ni gbólóhùn kan nínú àgírímẹ́ǹtì, pé bí ìjọba bá gba ibẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, owó oṣù tó ṣẹ́kù á padà sọ́wọ́ rẹ̀. Kó má sì san ju ọdún kan lọ. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 sọ bẹ́ẹ̀ fún ayálégbé tuntun, ṣọ́ọ̀bù sì wà nínú rẹ̀. (Ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Àwọn yẹn ò ní ka ohun tí mò ń kọ.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Alhája kan fún yín. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà létí ọ̀nà yẹn, kò jìnnà sí Ilé Epo. Nígbà tí iṣẹ́ BRT ń bọ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa sí i lára ògiri. Àáfà kan gba àgbò, ó gba owó, ó kọ hàǹtú, ó ní kí wọ́n fi omi rẹ̀ wẹ ògiri ní òru mẹ́ta. Ọmọbìnrin Alhája ló wá bẹ̀ mí. Mo lọ wo àwòrán iṣẹ́ náà, mo gbé téèpù, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì nínú oòrùn. Mo sọ fún Alhája pé ibi tí iṣẹ́ máa dé ṣì fi mítà kan àti ààbọ̀ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn, pé àwọn tó kun ọ̀dà ló kùn ún ré kọjá. Mo kọ lẹ́tà, mo so àwòrán mọ́ ọn. Nígbà tí katapílà dé, ó wó àwọn tó wà níwájú, ó tẹ kọ̀ǹténà mẹ́ta pẹlẹbẹ, ó dúró.

Àáfà ló gba ọpẹ́. Àgbò kejì, pẹ̀lú aṣọ funfun. Èmi, Alhája san ààbọ̀ owó iṣẹ́ mi, wọ́n ní kí n fi ìyókù ṣe sàráà. N kò bínú. Mo bínú.

Wọ́n parí ọ̀nà, wọ́n fi kọnkéré àti irin pín in. Ẹni tó wà ní òdìkejì kò lè sáré kọjá wá ná ìkòkò mọ́, ó di kó gun bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀. Bíríìjì náà kò sì sọ̀ kalẹ̀ níwájú Alhája, ibi tó sọ̀ sí jìnnà tó pápá bọ́ọ̀lù méjì. Bọ́sítọ́ọ̀pù bá a lọ. Dáńfó tó ti ń já èrò sẹ́nu ọ̀nà wọn láti ọjọ́ pípẹ́, wọn ò jẹ́ kó dúró níbẹ̀ mọ́. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ṣọ́ọ̀bù tí a gbà lẹ́nu katapílà ti di ibi tí ọmọ ọjà ń sùn lọ́sàn-án gangan. Ní ẹsẹ̀ bíríìjì, ọmọkùnrin kan tó fi tábìlì ta ṣájà fóònù kò ráyè mí.

N kò rí ìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo mọ téèpù, mo mọ òfin, n kò wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn máa gbà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè mí wá díyelé ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń kọ́kọ́ dúró ka ènìyàn fún wákàtí kan: mélòó ló ń ti orí bíríìjì sọ̀, mélòó ló bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, mélòó ló dúró ra omi. Lówùúrọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ọkọ̀ kì í rajà. Ẹni tó wà lórí bíríìjì Abúlé Ẹ̀gbá, tó ń fi eré sísá kọjá, kò mọ̀ pé ẹnì kan ń yan ẹja nísàlẹ̀, òórùn rẹ̀ pàápàá kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ mo gbọ́ tí àwọn agẹ́ǹtì ń pariwo pé bíríìjì dé, owó ṣọ́ọ̀bù ti di ìlọ́po méjì. Lójú ta ni? Ẹ ní kó bá yín ka ènìyàn.

Alhája padà wá. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ìjọba pé wọ́n kó oníbàárà òun lọ. Mo ṣí abala 29, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹni tó kọ eléyìí ò tajà rí." N kò rí ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.

Nígbà tó yá, agẹ́ǹtì kan rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan fún wọn nítòsí ẹsẹ̀ bíríìjì. Ó fẹ́ gba owó ọdún méjì, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣánnì, bẹ́ẹ̀ ìdajì ṣọ́ọ̀bù náà jókòó sórí gọ́tà. Mo béèrè ẹni tó ni ín. Ó ní "àwọn ẹ̀gbọ́n kan" ni. Mo ní kí àwọn ẹ̀gbọ́n náà mú ìwé wá, ó ní ìwé wà, pé ṣé mi ò fọkàn tán òun ni.

Àná ni fóònù mi dún. "Sọ̀féyọ̀, mo ti fẹ́ lọ sanwó o. Ṣùgbọ́n mo ti ní kí ọmọ wọ̀n ọ́n ná, láti àárín títì, bí ẹ ṣe máa ń wí."

Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Mo ní, "Alhája, ẹ ṣeun. Mítà mélòó ni?"

"Mẹ́wàá."

"Àárín títì wo ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n ní ọmọ ò lè fo irin BRT, ìdí irin náà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má san kọ́bọ̀, mò ń bọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Sunday pẹ̀lú téèpù tèmi. Wọ́n ní kò burú, àwọn máa sọ fún Àáfà kí wọ́n tètè dé.