Àròkàn tó ń gba oorun lójú wa

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ ìlera ìgboro ni mò ń ṣe láwọn ìlú kéékèèké tó yí Adó-Èkìtì ká. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá dé ìpàdé tí mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí stress, wọn á kàn máa wò mí ni, àwọn kan á ní kò sírú ẹ̀ lára àwọn. Ìgbà tí mo wá bi wọ́n pé ta ló máa ń jí laago méjì òru tí ò lè sùn mọ́ torí owó skúùlù ọmọ, ta ni àyà ẹ̀ ń já láìsí ohun tó ń lé e, háà, gbogbo ọwọ́ ló gòkè. Wọ́n ní àròkàn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń lò látìgbà náà.

Ní Zimbabwe, ìrònú àpọ̀jù làwọn náà ń pè é lédè wọn, kufungisisa. Ọdún 2006 ni dókítà kan níbẹ̀, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 ní Harare bí wọ́n ṣe lè jókòó ti èèyàn lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n sì jọ wá ojútùú ọ̀rọ̀, ìwádìí tó jáde ní 2016 sì fi hàn pé ara àwọn tó jókòó tì wọ́n yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá àgbà lásán o! Ṣé a wá wá ìyálọ́jà tì ní Èkìtì ni, àbí olórí aláàjọ?

Èémí la máa ń kọ́kọ́ kọ́, lẹ́yìn ìpàdé àjọ. Fà á sínú nímú, kà dé ẹẹ́rin, rọra tú u síta títí dé ẹẹ́fà, torí ìgbà téèyàn bá ń mí síta ni ọkàn máa ń rọra lù. Ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀, nígbà tí ara balẹ̀, torí ẹni tí ò bá fi kọ́ra nígbà yẹn ò ní rántí ẹ̀ lọ́jọ́ tí olówó bá wá sin gbèsè. Ìyá kan tó ń ta iyán ní ìgbà tóun bá ń bẹ iṣu lòun ń ṣe tòun, ó dùn mọ́ mi gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn la óò tú wàhálà palẹ̀, ká mú ẹyọ kan tọ́wọ́ lè tó lọ́sẹ̀ yẹn. Obìnrin kan ní gbèsè alájẹṣẹ́kù lọ́rùn, ìyá ẹ̀ ń ṣàìsàn, ọmọ ẹ̀ ò gbọ́ràn. Gbèsè ló mú, ó lọ bẹ akọ̀wé kí wọ́n pín in sí mẹ́rin fóun. Ìyókù ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni sọ tinú ẹ̀ lójú èrò. Ẹni tí ò bá sùn, tí ò jẹun, tí nǹkan kan ò dùn mọ́ ọn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń sọ pé ikú yá jù fóun, èémí nìkan ò tó fún un, ẹ má dá a dá ilé, ọsibítù ńlá tí wọ́n ń pè ní Teaching Hospital wà ní Adó, ó wà ní Ìdó-Èkìtì, ẹ tẹ̀ lé e débẹ̀.